Ilà Mẹ́ta Lẹ́yìn Etí

Ọjọ́ tí Adédọ̀tun fi sáńpépà pa Bàbá Fágbénró, inú ṣọ́ọ̀bù Adédọ̀tun gan-an ni bàbá náà jókòó sí ní Ìlaròó, ó ń mu omi tútù inú ọ̀rá.

Kò sí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀, kò sẹ́ni tó figbe ta. Obìnrin òyìnbó kan ló wà lójú fóònù láti Ọsirélíà, ó ń wo àwọn ère igi tí wọ́n tò sórí tábìlì, ó sì béèrè ẹni tó gbẹ́ wọn. Adédọ̀tun, tó ni ṣọ́ọ̀bù, fa ojú ro bí ẹni tí ẹkún ń gbọ̀n. Ó ní ẹni tó gbẹ́ wọn ti kú láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, nínú igbó kan lápá Kétu, kò sì sí ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀ mọ́.

Àánú ṣe obìnrin náà. Lẹ́yìn náà ló wá rí ẹnì kan lórí àga. "Bàbá tó jókòó lẹ́yìn yín yẹn ńkọ́?"

"Ìyẹn?" Adédọ̀tun rẹ́rìn-ín. "Ọlọ́dẹ wa nìyẹn."

Iṣẹ́olúwa ló di fóònù mú. Fóònù yẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, àwòrán sì gbọ̀n títí dé Ọsirélíà. Bàbá Fágbénró, tí wọ́n pè ní ọlọ́dẹ yìí, ló gbẹ́ ère mọ́kọ̀ọ̀kànlá tó wà lórí tábìlì, òun náà ló sì bí Iṣẹ́olúwa lọ́mọ. Adédọ̀tun rò pé arúgbó náà kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì. Ó gbọ́ ọ. Ó ti bá àwọn òyìnbó tó ń la títì ṣiṣẹ́ nígbà èwe rẹ̀. Ó gbé ọ̀rá omi sílẹ̀, ó dìde, ó lọ sídìí tábìlì, ó sì fi àtàǹpàkò wá ẹ̀yìn etí ère kan.

Ibẹ̀ ló máa ń fi àmì rẹ̀ sí: ilà mẹ́ta wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tó jọra wọn bí ìbẹta. Ilà méjì ni bàbá tirẹ̀ máa ń fà. Nígbà tí ó kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó fi ọ̀kan kún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn etí ère yìí ń dán. Ó yẹ èkejì wò, ó yẹ ẹ̀kẹta wò. Wọ́n ti fi sáńpépà ha gbogbo wọn, ó mọ́ lóló.

Orí ọ̀kadà ni wọ́n wà, tí ọmọ rẹ̀ ń gbé e padà sí Ayétòrò, kí ó tó sọ̀rọ̀ sí i létí.

"Iṣẹ́, ṣé èmi ni mo bí ọ?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Ó dáa. Mo kàn ń béèrè ni. Mo ti gbọ́ pé òkú kì í bímọ."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Iṣẹ́olúwa lára ju òjò lọ, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló mú Adédọ̀tun wọlé wọn. Ó ti ka ìmọ̀ ìṣirò jáde ní yunifásítì, kò ríṣẹ́, ó wá jókòó sílé ó ń yanjú àlọ́ oníṣirò inú àwọn ìwé ìròyìn tí wọ́n fi ń pọ́n àkàrà. Ara rẹ̀ kì í balẹ̀ bí kò bá sí kókó kan tó dijú níwájú rẹ̀ láti tú. Nígbà náà ni Adédọ̀tun dé.

Ọmọ fàyàwọ́ pọ́ńbélé ni Adédọ̀tun. Láti ọmọdé ló ti mọ gbogbo ọ̀nà ẹ̀bùrú tó gba ẹ̀yìn Ọjà-Ọ̀dàn, tó ń fi ọ̀kadà kó ìrẹsì àti táyà wọlé láti Bẹ̀nẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ yẹn le, ó ṣí ìtajà sórí ayélujára, ó ń fi ọjà ilẹ̀ wa ránṣẹ́ sí òkè òkun. Ṣùgbọ́n lójú tirẹ̀, ọ̀kan náà ni gbogbo aṣọ́bodè ayé. Bí o bá mọ̀ wọ́n kí, tí o sì mọ ibi tí o lè fi nǹkan pamọ́ sí nínú ẹrù, o ti kọjá nìyẹn. Á ki ẹja gbígbẹ sáàárín aṣọ. Á kọ "ẹ̀bùn" sára páálí tí oníbàárà ti sanwó rẹ̀. Páálí mẹ́rin ni wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé lọ́hùn-ún kí ó tó wá Iṣẹ́olúwa wá.

"Bọ̀ọ̀dá," ni Iṣẹ́olúwa wí fún un lọ́jọ́ náà, "ẹni tó ń lọ fẹ́yàwó, èèwọ̀ ilé tó ń lọ ló máa ń béèrè, kì í ṣe èèwọ̀ ilé tó ti ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹrù."

Ó ra ìwé àjákọ ńlá kan, ó fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀. Ilẹ̀ kan kò fẹ́ awọ ewúrẹ́ tí irun ṣì wà lára rẹ̀. Òmíràn kò fẹ́ kí wọ́n fi koríko di ẹrù. Òmíràn kì í gbà kí o kọ "ọjà oríṣiríṣi", àfi kí o sọ ohun tó jẹ́, ohun tí wọ́n fi ṣe é àti iye tí wọ́n rà á gan-an. Ní ibì kan, ẹrù kékeré kì í san owó ibodè. Ní ibòmíràn, ọṣẹ dúdú kan ṣoṣo yóò san án. Ti Ọsirélíà ló gùn jù, tojú tẹ̀yìn ló kún. Bí àwọn àgbà wa ṣe ń bẹ̀rù Ṣọ̀pọ̀ná ni àwọn yẹn ń bẹ̀rù iyẹ̀pẹ̀ àti kòkòrò igi. Iyẹ̀pẹ̀ abẹ́ bàtà lásán, wọ́n á bá ọ fà á. Iṣẹ́olúwa máa ń kà á bí ẹni ń ta ayò. Láti ìgbà tó ti ṣí ìwé náà, páálí kan ṣoṣo kò sọnù.

Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n pe bàbá rẹ̀ ní ọlọ́dẹ, ó padà sí Ìlaròó. Adédọ̀tun ń jẹ ẹ̀pà.

"Bọ̀ọ̀dá, kí ló dé tí ẹ fi ha orúkọ bàbá mi kúrò?"

"Orúkọ wo? Ilà mẹ́ta lásán?" Ó fẹ́ èèpo ẹ̀pà dànù. "Gbọ́, ọmọ dáadáa. Orúkọ bàbá rẹ ò tajà. Òkú ló ń tajà. Bí wọ́n bá gbọ́ pé alààyè ló gbẹ́ ẹ, wọ́n á máa yọ owó kúrò. Bí wọ́n bá gbọ́ pé òkú ni, wọ́n á máa sunkún sanwó."

"Ẹ pè é ní ọlọ́dẹ lójú ara rẹ̀."

"Ṣé kò jókòó ti ọjà ni? Kí ni ọlọ́dẹ máa ń ṣe?" Adédọ̀tun rẹ́rìn-ín títí ẹ̀pà fi há a lọ́fun. "Bó bá dùn ọ́, ìlẹ̀kùn nìyẹn. Ayélujára kì í ṣe ogún bàbá rẹ."

Iṣẹ́olúwa mú ìwé rẹ̀, ó jáde. Lójú ọ̀nà, ó búra. Òun ò ní lù ú. Òun ò ní ṣépè fún un, òun ò sì ní mú ọlọ́pàá wá bá a. Ẹnu tó sọ bàbá òun di òkú, ẹnu náà ni yóò jí i dìde, ojú yóò sì ti ẹnu náà débi tí kò ní lè jẹ ẹ̀pà mọ́.

Ó tó oṣù méjì kí àyè tó yọ. Rọ́fíàt ló mú un wá. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gbogboniṣe ni Rọ́fíàt, ó máa ń bá Adédọ̀tun di ẹrù ní ọjọ́ tí kò bá ní kíláàsì. Ó bá Iṣẹ́olúwa níwájú ilé ní Ayétòrò, níbi tó ti ń fi epo pa ẹ̀wọ̀n ọ̀kadà rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n Iṣẹ́, ọ̀gá ní kí n kí yín."

"Ọ̀gá rẹ ò kí mi. Kí ló fẹ́?"

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó fi etí ìbòrí rẹ̀ nu òógùn. "Wọ́n fẹ́ fi Ẹlẹ́yẹ Méje ránṣẹ́ sí obìnrin Ọsirélíà yẹn."

Iṣẹ́olúwa dáwọ́ dúró. Nínú gbogbo iṣẹ́ bàbá rẹ̀, kò sí èyí tó tó Ẹlẹ́yẹ Méje. Ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni, ọ̀kan lára mọ́kànlá orí tábìlì ọjọ́sí, igi ahùn ló fi gbẹ́ ẹ: ojú obìnrin kan tó rọ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ orin lọ́ọ̀ọ́kán, ẹyẹ méje sì bà lé gèlè rẹ̀, kálukú kọjú síbi tó wù ú. Oṣù méje gbáko ló lò nídìí rẹ̀.

"Ẹ ò lè dá a mọ̀ mọ́," ni Rọ́fíàt wí. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Wọ́n sin ín sínú òkìtì ikán lẹ́yìn ilé wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kó lè jọ ohun àtijọ́. Ikán jẹ ẹ́ létí. Iyẹ̀pẹ̀ pupa wọ gbogbo ojú ẹyẹ yẹn. Mo ní kí n fọ̀ ọ́, ọ̀gá ní kí n má fọ̀ ọ́, pé iyẹ̀pẹ̀ yẹn gan-an ni ọjọ́ orí rẹ̀."

Iyẹ̀pẹ̀. Inú bí Iṣẹ́olúwa débi tí etí rẹ̀ ń hó. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ìbínú yẹn, nǹkan kan jókòó pẹ̀sẹ̀, bí ìgbà tí nọ́ńbà tó kù nínú àlọ́ bá bọ́ sí àyè rẹ̀.

"Kí wá ló ní kí o bi mí?"

"Wọ́n ní ṣé òótọ́ ni pé bí a bá kọ ọ́ pé ohun kan ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, wọn kì í gba owó ibodè lórí rẹ̀ lọ́hùn-ún."

Ó wọlé lọ mú ìwé, ó ṣí ewé Ọsirélíà. Òótọ́ ni, ó wà níbẹ̀. Nísàlẹ̀ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ti fi bíírò pupa kọ ọ́ pé ohun àtijọ́ kò gbọdọ̀ jáde ní Nàìjíríà láìsí ìwé àṣẹ àwọn tó ń tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Bí kò bá sí ìwé yẹn, ọjà olè ni wọ́n á pè é ní ibi tó bá dé. Nísàlẹ̀ ìyẹn ni ọ̀rọ̀ iyẹ̀pẹ̀ àti kòkòrò. Gbólóhùn méjì péré ni. Ó fi àtàǹpàkò bò wọ́n.

"Òótọ́ ni. Kò sí owó ibodè lórí rẹ̀."

"Ṣé kò sí nǹkan míì?"

"Ṣé ó ní kí o bi mí ní nǹkan míì?"

"Rárá o."

"Ó ti gbọ́ èsì rẹ̀ nìyẹn." Ó pa ìwé dé. Rọ́fíàt ti ń lọ kí ó tó pè é padà. "Fọ́ọ̀mù yẹn, má fi orúkọ tìrẹ sí i. Jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, kó sì fọwọ́ ara rẹ̀ sí i."

Rọ́fíàt wò ó títí. "Ẹ̀gbọ́n Iṣẹ́," ó wí, "ẹ burú o."

"Mi ò tíì burú tó. Bá mi kí bọ̀ọ̀dá, o ṣé."

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, Rọ́fíàt fi àwòrán fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́ sí i. Adédọ̀tun fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́: ère àtijọ́, ọdún 1910, ẹni tó gbẹ́ ẹ ti kú. Ó wá fa ọwọ́ ìbùwọ́lù rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ bí ejò tó yó.

Láràárọ̀ ni Iṣẹ́olúwa ń tọ páálí náà lójú fóònù bí ọdẹ tó ń tọ ipasẹ̀ ẹran. Ó kúrò ní Èkó. Ó ya ilẹ̀ Lárúbáwá. Ó dé Ọsirélíà. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó dúró gbọn-in: wọ́n dá a dúró fún àyẹ̀wò. Iṣẹ́olúwa ra búrẹ́dì àti àkàrà olówó gọbọi, ó jókòó, ó jẹ gbogbo rẹ̀ láìfún ẹnikẹ́ni.

Lẹ́tà àwọn aṣọ́bodè ibẹ̀ dé ọwọ́ Adédọ̀tun láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n rí iyẹ̀pẹ̀, wọ́n rí ikán tó ṣì wà láàyè. Wọ́n tún kà á pé ère náà ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n sì ń béèrè ìwé àṣẹ tó fi jáde nílẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ère tuntun ni, kí ẹni tó gbẹ́ ẹ kọ ìwé, kó fọwọ́ sí i, kó sì sọ ọdún tó gbẹ́ ẹ. Wọ́n á jẹ́ kí obìnrin tó rà á sanwó láti pa kòkòrò ara rẹ̀. Bí ọgbọ̀n ọjọ́ bá pé láìsí ìwé kankan, wọ́n á run ún. Obìnrin náà bínú, ó fi ẹjọ́ sùn, ilé-ìtajà orí ayélujára sì ti ṣọ́ọ̀bù Adédọ̀tun pa títí ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú.

Adédọ̀tun pè. Ohùn rẹ̀ dùn bí oyin.

"Iṣẹ́, àbúrò mi àtàtà. Wá nọ́ńbà ọ̀gá wọn níbẹ̀ fún mi. Kò sí aṣọ́bodè tí kì í jẹun."

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ rí i. Ẹ̀rọ kì í jẹun."

"Ta ló wá ń tọ́jú ẹ̀rọ?"

"Ẹ ò ṣe kọ̀wé bi í?"

Iṣẹ́olúwa pa fóònù. Ó mọ̀ pé Adédọ̀tun yóò wá. Òun ti to gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: Adédọ̀tun yóò jẹ́wọ́ lójú obìnrin yẹn, bàbá òun yóò fọwọ́ síwèé, Ẹlẹ́yẹ Méje yóò là, orúkọ Fágbénró yóò sì wà nínú ìwé ìjọba Ọsirélíà. Ó wò ó yípo, kò rí ibi tó jò.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ọgbọ̀n ọjọ́ pé, Adédọ̀tun dé sí Ayétòrò láàárọ̀, nígbà tí ilẹ̀ ti ń ṣú lọ lọ́dọ̀ obìnrin Ọsirélíà ọ̀hún. Rọ́fíàt ru páálí mọ́ọ̀tì tẹ̀ lé e. Bàbá Fágbénró wà lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀, ó ń gbẹ́ igi. Adédọ̀tun dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí èérún igi.

"Bàbá, mo wólẹ̀. Ẹ ṣàánú mi."

"Dìde, èérún á gún ọ." Bàbá kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

Iṣẹ́olúwa ka lẹ́tà náà sókè, ó túmọ̀ rẹ̀ fún gbogbo wọn, ó sì sọ ohun tó fẹ́. Adédọ̀tun gbà. Ì bá gbà kí wọ́n fá a lórí. Wọ́n pe obìnrin náà, ojú rẹ̀ yọ, kò rẹ́rìn-ín.

"Màdáámù," ni Adédọ̀tun wí, ó yí fóònù sí bàbá, "ẹni tó gbẹ́ ère yín nìyí. Fágbénró ni orúkọ rẹ̀. Ó wà láàyè."

Obìnrin náà tẹjú mọ́ ọn. "Ṣé kì í ṣe ọlọ́dẹ yín nìyẹn?"

Rọ́fíàt yára kẹ̀yìn sí wọn, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Kì í ṣe ọlọ́dẹ, màdáámù. Èmi ni mo purọ́."

"Ẹ tún un sọ," ni Iṣẹ́olúwa wí. "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa."

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáa. Adédọ̀tun mọ̀ pé ó dáa. Òógùn ń sàn láti iwájú orí rẹ̀ dé àgbọ̀n. "Èmi ni mo purọ́!"

"Ẹ̀ẹ̀kan sí i, bọ̀ọ̀dá, ó ń já."

"Mo ní èmi ni òpùrọ́!"

Adùn rẹ̀ kún ẹnu Iṣẹ́olúwa. Nígbà tí obìnrin náà ti kúrò lójú fóònù, ó tẹ́ ìwé tó ti kọ sílẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀, ó fi bíírò lé e. Bàbá fi àáké kékeré ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wọ awò ojú rẹ̀.

"Fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ dà?"

Rọ́fíàt fi àwòrán rẹ̀ hàn án lórí fóònù. Ó kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ètè rẹ̀ ń mì. "Ẹni tó gbẹ́ ẹ ti kú. Ta ló fọwọ́ sí i?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ìwé ìjọba ni?"

"Ìwé ìjọba ni, Bàbá."

Arúgbó náà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Òkú kì í fọwọ́ síwèé," ó wí, ó sì gbé àáké rẹ̀.

Adédọ̀tun rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Iṣẹ́olúwa náà rẹ́rìn-ín. Ó tó ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó rí i pé bàbá kò bá wọn rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n á pa mí lọ́jà!"

"Ìwọ lo kọ́kọ́ pa mí. Mo jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ, mo ń mu omi, o pa mí. Òkú kì í gbèjà ẹni tó pa á."

"Bàbá!" Iṣẹ́olúwa ni. Èyí ò sí nínú ohun tó tò. "Wọ́n á sun ún o. Ẹlẹ́yẹ Méje! Ẹ fọwọ́ sí i, ó ti jẹ́wọ́, ó tán."

"Kí ni wọ́n á sun?" Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mélòó kan wá, bàbá gbé ohùn sókè. "Èyí tó ha orúkọ mi kúrò lára rẹ̀? Èyí tó sin sínú òkìtì ikán? Òkú tirẹ̀ nìyẹn, kó lọ ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ mi méjèèjì nìyí." Ó na ọwọ́ náà sí Adédọ̀tun, ìka rẹ̀ wú, ó le bí gbòǹgbò. "Ṣé mo lè gbẹ́ òmíràn? Mo lè gbẹ́ ẹ. Ìwọ ńkọ́? Na ọwọ́ tìrẹ kí n rí i."

Adédọ̀tun kò na ọwọ́. Ó dìde, èérún igi lẹ̀ mọ́ ọn láyà. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí bàbá tó tún pè é.

"Gbé mọ́ọ̀tì rẹ dání. Òkú kì í mu mọ́ọ̀tì."

Ọgbọ̀n ọjọ́ pé. Lẹ́tà kúkúrú kan dé pé wọ́n ti run ún. Ìtajà Adédọ̀tun kò ṣí mọ́; wọ́n ní ó ti padà sídìí táyà lápá Ìpókíá. Rọ́fíàt wá sọ ọ́ fún wọn, kò sì padà sí Ìlaròó lọ́jọ́ náà kí ó tó bá Iṣẹ́olúwa gbálẹ̀ yàrá kan tí wọ́n á máa di ẹrù nínú rẹ̀. Iṣẹ́olúwa ò rí oorun sùn dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹyẹ méje yẹn ló ń rí. Òun ti rò pé òun ló ń gbẹ̀san, àṣé àlọ́ lòun ń tú. Bàbá òun ló gbẹ̀san, ó sì fi ohun tó fẹ́ràn jù san owó rẹ̀ láìṣẹ́jú.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà, obìnrin Ọsirélíà kọ̀wé. Ó ní ṣé bàbá náà lè gbẹ́ òmíràn fún òun.

Iṣẹ́olúwa kà á fún un. Bàbá ń gbẹ́ iwájú orí ère tuntun kan. Ó fa ilà kan, ó fa èkejì, ó fa ẹ̀kẹta, kì í ṣe lẹ́yìn etí mọ́. Àárín iwájú orí gan-an ló fà wọ́n sí, wọ́n jìn wọnú igi. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ha wọ́n kúrò, àfi kó ha ojú ère náà dànù.

"Kọ ọ́ sí i," ó wí, ó fẹ́ èérún kúrò lára ilà rẹ̀, "pé ọlọ́dẹ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Kó dúró."